Iṣan Àlékún Lẹ́yìn Ọwọ́ Aláago

Kì í ṣe ojú obìnrin náà ni ọkùnrin yẹn ń wò. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ti kú.

Òjò ló kó wọn pọ̀ sínú ilé ìtajà oògùn náà. Èèyàn mẹ́wàá há síbi tí kò gbà ju márùn-ún lọ, omi ń kán lára agbòòrùn, ojú fèrèsé sì ti ṣú. Obìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún láti gba ìpara ara-ríro lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Bó ṣe na ìka, kókó kan yọ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó gùn díẹ̀, bí èso kékeré tó sá pamọ́ sábẹ́ awọ. Bó ṣe ká ìka padà, kókó náà rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ọkùnrin náà wí láti ẹ̀yìn. Páálí ìbọ̀wọ́ mẹ́ta ló gbá mọ́ àyà. "Ṣé ẹ lè tún ìka yẹn nà?"

Obìnrin náà yíjú padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò gbọ́ irú èyí rí.

"Òrùka lẹ fẹ́ fi sí i ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọkùnrin náà, síbẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ yẹn.

"Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni iṣẹ́ mi. Kí ni wọ́n ní kókó yẹn jẹ́?"

"Kókó omi. Wọ́n máa gé e ní ìparí oṣù tó ń bọ̀."

"Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí káńtà. Ẹ gbé ìka àárín sókè, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má gbà fún mi."

Kò mọ ohun tó mú òun gbà. Bóyá torí pé irora ọwọ́ náà ti ń bá a fínra fún oṣù mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó tíì fẹ̀sọ̀ wò ó tó báyìí. Ó gbé ìka sókè, ọkùnrin náà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Kókó náà le gbagidi.

"Omi kì í dá ìka lóhùn," ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Iṣan lèyí. Iṣan tó ti yẹ kó lọ kúrò lọ́wọ́ èèyàn tipẹ́tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án o."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó júwe ọ̀nà tí a kò béèrè, ó sì bọ́ sínú òjò.

"Aláago, ẹ gbàgbé ṣéńjì yín!" ẹni tó ń tajà kígbe tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú àṣírí. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń tún aago ṣe nílùú náà. Ẹni tó bá lẹ́nu láti fi béèrè kò ní ṣìnà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Olùkọ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ̀. Ẹni tó bá na apá méjèèjì níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Aláago ló ni ín kó tó kú. Tábìlì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé etí rẹ̀ sókè kí ohun wẹ́wẹ́ má baà yí ṣubú, iná kan tó lọ́rùn gígùn, àti aago bí ogójì lára ògiri tí kò sí méjì nínú wọn tó fohùn ṣọ̀kan.

Olùkọ́ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. "Ó máa ń falẹ̀."

Aláago fi awò kékeré sójú, ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó wò ó, ó gbé e sétí. Lẹ́yìn náà ó dé e padà.

"Aago yìí ò ṣàìsàn. Ẹni tó ni ín ló ń wá ẹni tó máa tọ́jú òun."

"Èló ni owó àyẹ̀wò?"

"Ẹ jókòó. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ iṣan yẹn fún mi dáadáa. Ìyẹn ni owó ẹ̀."

Olùkọ́ jókòó. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ fi iṣan mìíràn ṣe àpẹẹrẹ: kó fi orí àtàǹpàkò kan orí ọmọńdinrín, kó sì ká ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láàárín ọrùn ọwọ́ Aláago, ó nà tọ́ọ́rọ́. Olùkọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀. Kò sí ohun tó yọ.

"Níbo ni tiyín lọ?"

"Mi ò ní in. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in, àwa kan ò ní, iṣẹ́ wa ò sì torí ẹ̀ dúró. Ẹranko tó ń fi apá rìn lórí igi ni iṣan yẹn wúlò fún jù. Àwa ti sọ̀ kalẹ̀ tipẹ́."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ti sọ̀ kalẹ̀, èmi ṣì wà lókè igi?"

"Ẹ kàn fi àkàbà sílẹ̀ síbẹ̀ ni, bó bá tún wù yín láti gùn ún padà."

Aláago rẹ́rìn-ín débi pé awò bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wo ojú ọkùnrin náà dáadáa: ó rí i pé ó ga díẹ̀, ó ní àpá kékeré lẹ́bàá ètè, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ibòmíì láti lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan kókó ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Olùkọ́ ní alángbá ní irú iṣan yẹn, iṣan kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ tó sì ń na ìka. Bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, iṣẹ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn iṣan gígùn tó wà lápá, tí wọ́n ń fi okùn fa ìka láti òkè. Iṣan kúkúrú náà ò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ó sì kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

"Ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀," ni Olùkọ́ wí. "Lẹ́yìn ẹsẹ̀ gbogbo wa, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún wá wò ó: nígbà tí ọmọ bá wà nínú, tí kò tíì ju ìdajì ìka lọ, àwọn iṣan ayé àtijọ́ kan máa ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á parẹ́ kí wọ́n tó bí i."

"Tèmi ò wá parẹ́."

"Tiyín kọ̀, kò lọ."

Aláago wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí pamọ́ sínú àpò. Àbùkù ni mo pè é."

"Kì í ṣe àbùkù," Olùkọ́ wí.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò gbé aago dání mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti jáwọ́ nínú "ẹ" àti "yín", àga kejì sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ní ju ẹyọ kan lọ rí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfẹ́. Àga náà ti sọ ọ́.

Ìyá Aláago ni wọ́n kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá náà fi kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè bí ẹni pé iṣẹ́ àṣetiléwá lòun ń yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí Aláago mú Olùkọ́ wálé wá jẹun, ìyá ò jẹ́ kó gbé òkèlè kejì mì.

"Ìṣègùn lo ní ò ń kọ́ wọn. Ṣé dókítà ni ẹ́?"

"Rárá, Màmá. Bí ara ṣe rí nínú ni mo ń kọ́ wọn."

"Ara ta ni?"

"Ti àwọn tó ti kú, tí wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lọ pé ká fi ara àwọn kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́."

"Ìyẹn ni pé ọwọ́ tí o fi ń jẹun níwájú mi yìí, òkú lo fi ń dì mú."

"Mo máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa, Màmá."

Aláago bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo sì sọ fún ọmọ mi pé kó má jẹ́ kí wọ́n gé kókó ọwọ́ ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò léwu."

"Kò léwu," ìyá tún un wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Kókó yọ lọ́rùn bàbá ẹ̀. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun wò ó, ó ní kò léwu, ó ní ká fi í sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlá la fi í sílẹ̀. Oṣù kejìlá la sin ín." Ó ti àwo sún mọ́ àlejò. "Jẹun tán kó o máa lọ. Oúnjẹ ò ṣẹ̀ mí."

Olùkọ́ jẹun tán, ó kí i, ó lọ. Aláago sin ín dé ojú títì.

Síbẹ̀ Aláago ò fi Olùkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fi ọwọ́ rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, ó gbà, ó wọ aṣọ tó dára, ó tilẹ̀ fi òróró pa ọwọ́. Ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dúró dè é nínú yàrá tó tutù, tó ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa," Olùkọ́ wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ lè ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi dàgbà kẹ́ ẹ má rí àpẹẹrẹ tó dára tó báyìí mọ́."

Wọ́n tò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbé ìka sókè, gbé e sílẹ̀. Ó tó bí ẹni kejìlá kí irora tó gbéra láti ẹ̀yìn ọwọ́ lọ sí ọrùn ọwọ́. Aláago wo ojú Olùkọ́, ó rí i pé ẹ̀yìn ló kọ sí òun, ó ń yàwòrán sójú pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé, "Sà, ṣé ó máa ń dùn ún?" Kì í ṣe Aláago ló bi.

"Díẹ̀ náà ni," Olùkọ́ dáhùn, kò yíjú padà.

Aláago fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó mú báàgì, ó jáde. Olùkọ́ sáré bá a lọ́nà.

"Ìfẹ́ mi, kí ló dé?"

"Òkú lo máa ń tẹ́ kalẹ̀ káwọn ọmọ ẹ máa tẹ̀, àbí? Mo rò pé èmi ṣì wà láàyè."

"Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. O ò rò ó rárá ni. Dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá gé kókó yìí lọ́la, ṣé wàá ṣì máa wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

Olùkọ́ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún aago ṣe mọ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe gùn tó. Kí ọkùnrin náà tó la ẹnu, Aláago ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Olùkọ́ wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Aláago rí òjìji rẹ̀ lójú gíláàsì tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìjà àwọn méjèèjì ò kan irora náà. Òun ń pọ̀ sí i ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀mú kékeré já bọ́ lọ́wọ́ Aláago, kẹ̀kẹ́ eléyín bíńtín kan nínú aago oníbàárà sì fò lọ sábẹ́ tábìlì. Wákàtí kan gbáko ló fi ń rá kòrò lórí ilẹ̀ kó tó rí i. Nígbà tó rí i tán, ó jókòó síbẹ̀, ó sunkún. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni, òun kò sì mọ òmíràn.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò tíì fagi lé náà nígbà tó bá ìwé kan lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kò gùn. "Mi ò ní kí o má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ọwọ́ tìrẹ ni, èmi ò sì lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí o bá mi béèrè: kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ nígbà tí o bá ń gbé ìka sókè."

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ àgbà obìnrin kan tó máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe? Kókó omi kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ mi."

"Ẹnì kan ní kì í ṣe omi, ma."

"Dókítà ni onítọ̀hún?"

"Rárá. Ó kàn mọ ọwọ́ ni."

Ìyá Aláago pòṣé láti orí àga rẹ̀. Wọ́n gbé irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wá, wọ́n fi ìpara tútù pa ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Aláago gbé ìka àárín sókè. Lójú ẹ̀rọ, ohun tó dà bí òjìji kó ara jọ, ó nípọn, ó ń mí. Dókítà ní kó tún un ṣe. Ó tún ní kó tún un ṣe.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí nígbẹ̀yìn. "Inú ìwé nìkan ni mo ti rí èyí. Iṣan ni lóòótọ́."

"Ṣé ó máa pa á?" ìyá béèrè. Ohùn rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò rárá.

"Kò lè pa á, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí. Ọ̀já kan dè mọ́ ọrùn ọwọ́ níbí, gbogbo wa la ní in. Ní gbogbo ìgbà tí iṣan yìí bá nípọn, ọ̀já yìí á fún un. Òun ló ń fa irora."

"Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?"

"Á máa le sí i. Tó bá pẹ́, kò ní lè di ohun kékeré mú mọ́. Ọ̀já yẹn ni mo máa tú díẹ̀. Iṣan náà, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Nígbà tí wọ́n ti di ọwọ́ náà sínú báńdéèjì tán, Aláago fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Olùkọ́: "Iṣan ni. Ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀bẹ. Wọ́n tú ọ̀já tó ń fún un."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Olùkọ́ kan ilẹ̀kùn. Ìyá ló ṣí i.

"Ó ń sinmi."

"Ẹ̀yin ni mo wá rí, Màmá."

Ìyá fi àga hàn án. Olùkọ́ jókòó sí etí àga náà. Aláago ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Ògiri ilé náà ò nípọn.

"Mo sọ níwájú yín pé kò yẹ kí ọ̀bẹ kàn án," ni Olùkọ́ wí. "Mo ṣe àṣìṣe. Mo mọ ohun tó jẹ́, mo wá rò pé mo ti mọ ohun tó yẹ ká ṣe sí i. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ká ní wọ́n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi ni, iṣẹ́ ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá jókòó sí àga tó dojú kọ ọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń retí pé ẹni aláṣọ funfun yẹn á wá jókòó síwájú mi, kó sọ ìdajì ohun tí o sọ yìí. Kò wá." Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Aláago jáde wá, ó jókòó sí àga tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, báńdéèjì rẹ̀ funfun báláú lórí itan.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo bi ẹ́ ní ìbéèrè, o dákẹ́."

"Ìtìjú ló mú mi dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọgbọ̀n èèyàn ni mo ní kí wọ́n di ọwọ́ tí èmi fúnra mi ò tíì tọrọ rí."

Aláago wò ó. "Tọrọ ẹ̀ báyìí."

"Ṣé mo lè di ọwọ́ ẹ mú?"

"Ti òsì ni kó o mú. Ti ọ̀tún ń ro mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà ní kó fi sinmi. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, bí Olùkọ́ bá ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ. Aláago á jókòó tì í, á máa pàṣẹ. Ọkùnrin tó lè ka orúkọ gbogbo iṣan ọwọ́ láìmí, kò lè fi ẹ̀mú gbé nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dé ojú ihò.

"Ọ̀gá iṣan," Aláago á ní, "kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu?"

"Ìjíròrò là ń ṣe lọ́wọ́."

Àwọn oníbàárà gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbẹ̀yìn, bátìrì nìkan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ dáadáa, kò sì ba aago ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, Aláago fúnra rẹ̀ to aago kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kókó ń yọ, kókó ń rọ̀ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Kò sí irora. Ó gbé aago náà kọ́. Olùkọ́, tó ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí àga kejì, dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ mi ti tán níbí nìyẹn."

"Ta ló lé ẹ?"

"Ọwọ́ ẹ ti yá."

"Ọwọ́ ló yá. Èmi ńkọ́?" Aláago yọ awò kúrò lójú, ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Mo ń wá ọkọ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì, tó sì lè sọ pé òun ṣàṣìṣe. Kò pọn dandan kó mọ nǹkan míì."

Olùkọ́ tún jókòó. "Gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi, bátìrì ló wá gbà mí là."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ààyò mi. Bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́tẹ̀ yìí, kò dákẹ́ rárá kó tó dáhùn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí kò ní ju tábìlì, àga mẹ́fà àti fáànù tó ń ké lọ. Ọ̀rẹ́ Olùkọ́ tó yẹ kó ṣe ẹlẹ́rìí fún un ò tíì dé. Ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà. Akọ̀wé ń wo ìlà àwọn tó tò síta, ó ń fi bírò lu tábìlì. Olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, kò sì sí ẹbí rẹ̀ kankan nítòsí.

Akọ̀wé kọjú sí ìyá Aláago. "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹlẹ́rìí ìyàwó, àbí?"

Ìyá ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ sí ibi tó wà fún ẹlẹ́rìí ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó sún ọwọ́ lọ sí ìlà kejì, èyí tó ṣófo, tí wọ́n kọ "ẹlẹ́rìí ọkọ: ẹbí tàbí ọ̀rẹ́" sí lórí.

"Ibí yìí ńkọ́?" ó béèrè, kò sì dúró gbọ́ èsì kó tó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.